Bí Mo Ṣe Sọ Gárééjì Ilé Wa ní Bódìjà di Ibi Iṣẹ́ àti Ibi Ìjókòó

Ní Bódìjà Àtijọ́, díẹ̀ ni gárééjì tí ọkọ̀ ṣì ń sùn sí. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sí àdúgbò náà ní ìparí àwọn ọdún 1950, ọkọ̀ kékeré ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ ń wà, ìwọ̀n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fi kọ́ gárééjì. Lóde òní tí jíìpù ti gba ìgboro, bí ènìyàn bá tilẹ̀ rí ọkọ̀ rẹ̀ tì wọlé, kò ní rí àyè ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ jáde. Ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ gárééjì báyìí ni fíríìjì tí ó ti kú, bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ tí wọ́n ti relé ọkọ, àpò sìmẹ́ńtì tí ó ti di òkúta, àti ẹrù ìbátan kan tí ó ní òun ń bọ̀ wá kó o láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gárééjì ilé bàbá mi rí títí di ìgbà tí mo pinnu láti sọ ọ́ di ibi tí mo ti lè ṣe iṣẹ́ igi ní òpin ọ̀sẹ̀, tí àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ sì lè wá jókòó sí, kí a ta ayò, kí a sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ní ìdí láti sá fún ooru tàbí eruku.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mo fi ń jẹun, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi kan kọ́ mi ní iṣẹ́ káfíńtà nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, n kò sì jẹ́ kí ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ wo ibi iṣẹ́ àwọn tí mo mọ̀, mo sì ṣàkíyèsí pé ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ ra irinṣẹ́ kún, tí wọn kò bìkítà fún afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀, kì í pẹ́ tí ó fi ń padà di ibi ìkẹ́rùsí, nítorí pé ara ènìyàn kì í padà síbi tí kò ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àfi bí owó bá wà níbẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fi ìbéèrè kan ṣoṣo yẹ gbogbo ìnáwó wò: ǹjẹ́ àgbàlagbà lè jókòó síbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù kẹta kí ara má ni ín? Bí owó kan kò bá ran ìdáhùn sí ìbéèrè yìí lọ́wọ́, a fi í sílẹ̀ di ẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó mi fi lọ sókè òrùlé àti sábẹ́ ilẹ̀, níbi tí àlejò kì í wò.

Ooru ni a kọ́kọ́ dojú kọ, torí pé oṣù kejì àti oṣù kẹta kì í fi ojú rere wo ará Ìbàdàn. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí n tó pe oníṣẹ́ kankan, mo gbé àpótí kan sínú gárééjì náà, mo ń jókòó síbẹ̀ ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń fi ọwọ́ kan ògiri kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí ó gbóná. Ohun tí mo rí bá ibi tí ìlú wa wà lórí ilẹ̀ ayé mu. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n digírì 7 sí àríwá ìlà tí ó pín ayé sí méjì, èyí ni pé oòrùn máa ń gba àtàrí wa gan-an kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nínú oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ní àwọn oṣù yòókù pàápàá, òkè ni ó máa ń wà bí ọ̀sán bá pọ́n. Nítorí èyí, ògiri tí ó kọjú sí àríwá àti èyí tí ó kọjú sí gúúsù kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn bí páànù bá ti yọ síta díẹ̀ lórí wọn. Ògiri ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn ni oòrùn ń gbá lójú, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni ó ti ń wá bá wọn, tí òrùlé kò sì lè dí i. Gárééjì wa dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ògiri rẹ̀ méjì tí ó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, èyí tí ó jẹ́ oríire, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn irin rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Bí aago mẹ́rin bá ti lù, ilẹ̀kùn náà kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Síbẹ̀, òrùlé ni olórí ọ̀tá. Páànù tí oòrùn ti ń sè láti àárọ̀ a máa ta ooru tààrà sórí ẹni tí ó bá wà lábẹ́ rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí fáànù nìkan kì í fi í tó, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná náà ni yóò máa fẹ́ sí ènìyàn lára. A ha ìpẹtà kúrò lẹ́yìn páànù, a sì fi ọ̀dà funfun kùn ún, torí pé àwọ̀ funfun a máa dá ìtànṣán oòrùn padà, ṣùgbọ́n ìpẹtà a máa gbà á mọ́ra. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ta bébà aláwọ̀ fàdákà tí àwọn oníṣẹ́ òrùlé máa ń lò, a sì fi àlàfo sílẹ̀ láàrin òun àti páànù, nítorí bí ó bá lẹ̀ mọ́ páànù pinpin, ooru yóò gba ara rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Sílìn tuntun ni a wá kàn sábẹ́ gbogbo rẹ̀, a sì ṣí ojú kékeré tí a fi nẹ́ẹ̀tì bò sí igun òrùlé méjèèjì kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó bá kó jọ sórí sílìn lè rí ọ̀nà jáde.

Mo sọ pé sílìn tuntun, nítorí pé sílìn àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí apá kan rẹ̀ ti já, ibí yìí sì ni mo ti fẹ́ kí àwọn tí wọ́n ń gbé inú ilé àtijọ́ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n kọ́ ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ni wọ́n fi asbestos, ìyẹn pátákó sìmẹ́ńtì tí wọ́n po fọ́nrán òkúta mọ́, ṣe sílìn tàbí òrùlé wọn. Bí kò bá fọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọwọ́ kàn án, wàhálà rẹ̀ kò pọ̀; ṣùgbọ́n bí a bá fi ayùn gé e tàbí tí a fi hámà fọ́ ọ ní gbígbẹ, fọ́nrán tíntìntín tí ojú kò lè rí yóò tú sínú afẹ́fẹ́, ẹni tí ó bá sì fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni yóò lọ jókòó sí, tí ó lè di àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wá tú u ti gun àkàbà, ó ti gbé hámà sókè, ó ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ̀ kalẹ̀ ná. A wọ́n omi ọṣẹ sí sílìn náà títí tí ó fi rin gbingbin, a yọ ìṣó rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan kí pátákó kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sílẹ̀ lódindi, a sì dì wọ́n sínú ọ̀rá tí ó nípọn. Ìbòmú tí ó ní àsẹ́, tí ó sì fún mọ́ ojú dáadáa, ni a wọ̀, kì í ṣe èyí tí a fi aṣọ rán nígbà kòrónà, mo sì ti ní kí ìyá àwọn ọmọ kó wọn lọ sílé àwọn òbí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn aládùúgbò rò pé mo ń ṣe àṣejù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dùn mí. Ẹni tí ó bá lè rí ẹni tí iṣẹ́ kíkó asbestos jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kí ó fi lé e lọ́wọ́, kí ó má wulẹ̀ gun àkàbà rárá.

Ní ti ògiri, ibi tí mo ti kọ́gbọ́n kò jìnnà sí ilé. Ẹni tí ó bá ti wo Ilé Ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn láti ìta yóò rántí ògiri rẹ̀ tí ó ní ojú káàkiri bí ajere. Maxwell Fry àti Jane Drew, tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ nínú ọgbà náà, mọ̀ pé ní ilẹ̀ tí ooru pọ̀ tí ọ̀rinrin sì pọ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba inú ilé kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì ṣe pàtàkì ju kí ògiri nípọn lọ, wọ́n sì fi ojú wọ̀nyẹn gba afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n fi dènà oòrùn. Mo lọ dúró síbẹ̀, mo wò ó fínnífínní, n kò ṣí ìwé kankan. Nígbà tí mo padà dé, mo ní kí bíríkìlà yọ ìlà bílọ́ọ̀kì kan lókè ògiri àríwá àti ti gúúsù, kí ó sì fi bílọ́ọ̀kì olójú rọ́pò rẹ̀, ní abala-abala, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kí òrùlé má baà rọ̀. A ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i láti inú. Afẹ́fẹ́ tí ó tutù díẹ̀ ń gba ojú fèrèsé ìsàlẹ̀ wọlé láti abẹ́ igi máńgòrò tí ó wà ní àríwá, èyí tí ó gbóná sì ń gòkè gba ojú bílọ́ọ̀kì jáde, láìjẹ́ pé iná ń bẹ.

Ilẹ̀kùn irin ńlá náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé kí n yọ dànù, kí n mọ ògiri dí ibẹ̀, kí n sì fi ilẹ̀kùn kékeré sí i kí ó lè dà bí yàrá gidi. N kò gbà. Pákó tí wọ́n ń tà ní ọjà pákó Bódìjà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti yí irú rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà yàrá kọjá kò ní bi mí ní ìdí. Jórinjórin gé apá òkè ilẹ̀kùn náà, ó fi ọ̀pá irin àti nẹ́ẹ̀tì dí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì wà bí ó ti wà kí olè má baà rí i wọ̀. Lẹ́yìn náà ni a na páànù jáde níwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí ó jìn tó kí oòrùn ọ̀sán má lè kan irin náà mọ́. Bí oòrùn bá wá rẹlẹ̀ gan-an ní ìrọ̀lẹ́, tàpólì kan wà tí a ń tú sílẹ̀ láti ara páànù náà. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni ó tóbi jù lójú mi, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ eruku.

Ọ̀rọ̀ omi ni mo fi lé bàbá bíríkìlà lọ́wọ́ pátápátá. Ìlú tí ó rí ìkún-omi odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ó tún rí ìkún-omi mìíràn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, kò yẹ kí ó máa dúró de ẹni tí yóò sọ fún un pé omi kì í ṣe ohun àfiṣeré. Orí òkè ni ilé tiwa wà, mo sì rò pé ìyẹn tó. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tí mo fẹ́, bàbá ní, “Ọ̀gá, ẹ má tíì bá mi sọ̀rọ̀ táìsì. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí omi ń gbà ná.”

Mo ní, “Bàbá, òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ báyìí.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ṣé omi ò sí nínú tánkì yín ni?”

A fa ọ́ọ̀sì dé ẹnu géètì, a ṣí omi sílẹ̀, a sì dúró wò ó. Omi náà rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ gba àárín ọgbà, ó yà níbi igi máńgòrò, ó sì wá dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn gárééjì gẹ́lẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n là fún ọkọ̀ kí ó lè yọ̀ wọlé náà ni omi ń tọ̀. Bàbá gbẹ́ gọ́tà tóóró sí iwájú ẹnu ilẹ̀kùn láti igun kan dé èkejì, ó fi irin olójú bò ó kí ẹsẹ̀ má baà há sí i, ó sì darí rẹ̀ sí gọ́tà àdúgbò. Ó tún ní kí ilẹ̀ inú rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìhà ilẹ̀kùn, kí omi tí a bá fi fọ̀ ọ́ lè jáde fúnra rẹ̀.

Omi mìíràn wà tí kì í gba ojú ilẹ̀, abẹ́ ni ó ti ń wá. Mo tẹ́ ọ̀rá kan sórí sìmẹ́ńtì àtijọ́, mo fi tépù lẹ etí rẹ̀ yíká, mo sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣí i, ìrì ti sẹ̀ sí inú rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò mú kí irinṣẹ́ dípẹtà, yóò sì mú kí pákó tí a tò sílẹ̀ wú. A tẹ́ ọ̀rá nípọn lórí ògbólógbòó ilẹ̀ náà, a ká etí rẹ̀ sókè mọ́ ara ògiri, a sì da ilẹ̀ tuntun lé e, sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan sí yanrìn odò ìwọ̀n mẹ́ta, tí a po kí ó má ṣàn jù. Bàbá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ ní kíákíá. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí a fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó, nítorí sìmẹ́ńtì kì í le nítorí pé ó gbẹ. Omi inú rẹ̀ ni ó ń mú un le, bí oòrùn bá sì fa omi náà kúrò kí ó tó ṣiṣẹ́ tán, ojú ilẹ̀ yóò máa hó di eruku lábẹ́ ẹsẹ̀. Táìsì tí mo ti ń rò tẹ́lẹ̀, n kò ṣe é mọ́. Òòlù tí ó bá já bọ́ yóò fọ́ ọ, èérún pákó tí ó bá wà lórí rẹ̀ sì ń mú kí ẹsẹ̀ yọ̀. Sìmẹ́ńtì tí a fi tóróbù tẹ̀ dán níwọ̀nba ni ó wà níbẹ̀ títí di òní, ìhà ibi ìjókòó nìkan ni a tẹ́ ẹní sí.

Bí ooru bá ti rọ̀ tí omi sì ti gba ọ̀nà rẹ̀ lọ, eruku ni ó kù. Ẹni tí ó ń mu ẹlẹ́rìndòdò kò fẹ́ kí èérún pákó bọ́ sínú ife òun, ẹni tí ó sì ń fi ìfági fá pákó kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ fún òun pé kí òun rọra. Àwọn kan a máa fi pátákó pín yàrá sí méjì. Mo wò ó, mo rí i pé bí mo bá pín in, apá kọ̀ọ̀kan yóò há, afẹ́fẹ́ tí a fi owó rẹpẹtẹ la ọ̀nà fún kò sì ní lè kọjá mọ́. Iṣẹ́ ni mo pín, n kò pín yàrá. Ohunkóhun tí a bá fẹ́ fi ẹ̀rọ gé tàbí tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ dán, ìta lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ páànù ni a ti ń ṣe é. Tábìlì ayùn ẹlẹ́rọ wà lórí táyà kéékèèké tí a lè dè pa, ọwọ́ kan ni mo sì fi ń tì í jáde. Ayùn ọwọ́, ìfági, ṣísẹ̀lì àti gọ́ọ̀mù ni a ń lò nínú ilé, torí pé ilẹ̀ ni èérún tiwọn ń bọ́ sí, kì í fò. Fáànù tí ó ń dúró, ẹ̀yìn àwọn tí ó jókòó ni a gbé e sí, kí ó lè máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wọn lọ sí ìhà ilẹ̀kùn. Bí a bá yí i padà, gbogbo èérún tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ni yóò kó wá bá wọn.

Igi kọ̀ọ̀kan ní eruku tirẹ̀. Eruku ìrókò a máa yún ènìyàn lára, a máa mú ènìyàn sín, ó sì lè mú kí àyà ẹlòmíràn há débi pé yóò máa mí gúlegúle. Bí mo bá fẹ́ gé ìrókò, mo máa ń dúró di ọjọ́ tí àlejò kò sí, n kì í sì í bọ́ ìbòmú títí tí n ó fi gbálẹ̀ tán. Gbígbá ilẹ̀ ní gbígbẹ pàápàá a máa tú eruku náà padà sínú afẹ́fẹ́. Èérún pákó tí a fi omi rin ni a máa ń dà sílẹ̀ kí a tó fi ọwọ̀ gbá a, yóò sì kó eruku wẹ́wẹ́ mọ́ra lọ.

Oníṣẹ́ iná tí ó kọ́kọ́ wá fẹ́ fa iná gárééjì láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ní pálọ̀. Owó kékeré ni ìyẹn ì bá gbà, gílóòbù ì bá sì tàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayùn a máa fa iná púpọ̀ nígbà tí ó bá kọ́kọ́ ń yí, wáyà tí kò nípọn tó yóò sì máa gbóná nínú ògiri níbi tí ojú kò tó. Mo ní kí wáyà tí ó nípọn wá tààrà láti ibi tí iná ti ń wọlé, kí ó ní bírékà tirẹ̀, kí a lo wáyà 2.5 (ìwọ̀n ìnípọn rẹ̀ ní mílímítà onígun mẹ́rin) fún sọ́kẹ́ẹ̀tì àti 1.5 fún gílóòbù, kí a sì rì irin mọ́lẹ̀ kí iná tí ó bá ṣẹ́ lè gba inú ilẹ̀ lọ dípò kí ó gba ara mi. Òkè tábìlì iṣẹ́ ni a fi gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé èérún pákó a máa wọ ojú èyí tí ó bá wà nísàlẹ̀. Súwíìṣì gílóòbù jẹ́ méjì: iná funfun tí ó mọ́lẹ̀ kedere wà lórí tábìlì iṣẹ́, èyí tí ó pọ́n díẹ̀, tí kò sì gún ojú, wà lórí ibi ìjókòó. Bí a bá ń ta ayò lálẹ́, tiwa nìkan ni a ń tàn.

Jẹnẹrétọ̀ kò wọ inú ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò wọ abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan nínú, carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, tí ó sì ti sọ oorun ọ̀pọ̀ ìdílé di àsùnùnjí ní ilẹ̀ yìí. Ẹ̀yìn ilé ni tiwa wà, lábẹ́ páànù tirẹ̀. Epo bẹntiróòlù àti tínà, ìwọ̀n tí a fẹ́ lò lọ́jọ́ náà nìkan ni ó ń wọlé. Lẹ́yìn ìbúgbàmù alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024 ní Bódìjà wa níbí, èyí tí ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ohun ìbúgbàmù tí àwọn awakùsà kó pamọ́ sínú ilé kan ni ó fà á, kò sí ẹni tí ó tún ń sọ pé ohun tí aládùúgbò òun kó sínú gárééjì kò kan òun.

Tábìlì iṣẹ́ ni iṣẹ́ igi àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀. Gíga rẹ̀ dé ibi tí ọrùn ọwọ́ mi dé bí mo bá dúró ṣánṣán tí mo sì ju ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yìn má baà dùn mí lẹ́nu ìfági. Apá ni mo fi ṣe ojú rẹ̀, nítorí pé ó le, ó wúwo, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wú tàbí súnkì bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Tíìkì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Arère tí ó fúyẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, inú pẹpẹ òkè nìkan ni mo lò ó sí, torí pé oúnjẹ ni ó jẹ́ lójú ikán. Pákó tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní ọjà, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ń tò ó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú igi tín-ín-rín láàrin pákó kan àti èkejì kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, n kì í sì í fọwọ́ kàn án títí tí yóò fi fúyẹ́. Ẹni tí ó bá fi pákó tútù kan kọ́bọ́ọ̀dù lákòókò òjò, ọyẹ́ ni yóò bá a ṣẹjọ́. Gbogbo tábìlì àti pẹpẹ ni mo fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàrin wọn àti ògiri. Ikán kì í rìn ní gbangba, ojú ọ̀nà amọ̀ ni ó ń mọ gun òkè, bí ẹ̀yìn tábìlì bá sì ṣófo, ènìyàn yóò tètè rí i.

Ní ìhà ìjókòó, n kò ra àga onítìmùtìmù ńlá, torí pé fóòmù rẹ̀ a máa kó eruku sínú bí ó ti wù kí a ṣọ́ra tó. Àga onígi ni mo kàn, tìmùtìmù orí wọn ṣeé bọ́ fọ̀. Ọpọ́n ayò wà láàrin, rédíò wà lórí pẹpẹ, fíríìjì kékeré sì wà ní igun tí oòrùn kì í dé. Mo ti rò pé àwọn ọ̀rẹ́ mi ni yóò máa lò ó jù, ṣùgbọ́n àwọn àgbà àdúgbò ni ó gbà á. Bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ máa ń dé ní kété lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, yóò ní, “Ṣé kò sí ariwo lónìí?” Bí mo bá ní, “Ó wà, sà, ṣùgbọ́n ó di aago mẹ́rin,” yóò jókòó, yóò sì pe ẹnìkejì rẹ̀ sórí fóònù. Wákàtí ọ̀sán gan-an tí mo fi yẹ gbogbo ìnáwó wò ni ó yàn. Àwọn ọmọ ń wá ní ìrọ̀lẹ́ fún iṣẹ́ àṣetiléwá wọn, torí wọ́n ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára ju ti yàrá wọn lọ.

Nítorí ẹ̀rọ, a ti bá aládùúgbò tí ó wà ní gúúsù sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kò sí ayùn ẹlẹ́rọ láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, kò sí i ní àkókò Jímọ̀, kò sì sí i lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́kọ́jọ́. Wọ́n ní ọmọ ọwọ́ báyìí, nítorí náà mo máa ń fi fóònù béèrè kí n tó tan ẹ̀rọ.

A ti so gọ́tà mọ́ etí páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí omi òjò orí rẹ̀ má baà ṣòfò. Àgbá tí yóò máa dà sí ṣì ń dúró ní ẹ̀yìnkùlé, bàbá bíríkìlà sì ti ní òun ń bọ̀ wá mọ ìdúró rẹ̀ bí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ.